Mọ́tò ń yí, kò sítáàtì: ẹ jẹ́ ká wá ibi tí iná ti já

Tí mọ́tò bá kọ̀ tí ò sítáàtì, àwọn pátì tí ò bàjẹ́ táwọn èèyàn ń pààrọ̀ ló máa ń gbọ́n owó wọn dànù jù. Wọ́n á ra púlọ́ọ̀gì tuntun, kò sítáàtì, wọ́n á ra kọ́ìlì, kò sítáàtì, ẹnì kan á wá yọjú á ní brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) ló ti jó, ni wọ́n á bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá brain box kiri, ìgbà tó bá yá ni wọ́n á tó rí i pé wáyà ẹ́ẹ̀tì kan (wáyà tó ń dá iná padà sí négátíìfù bátìrì) tó ti dípẹtà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ló fa gbogbo ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tí mo máa bẹ̀ yín nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ni pé kẹ́ ẹ má ra nǹkan kan títí ẹ máa fi mọ ibi tí iná ti já. Iná yìí lọ́nà tó ń gbà: ó kúrò ní bátìrì, ó gba fíúsì àti rílè (súìṣì tí iná kékeré fi ń ṣí iná ńlá), ó gba ojú kọ́kọ́rọ́, ó dé kọ́ìlì, ó wá ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Ibì kan ló ti já. Mítà àti sùúrù lẹ máa fi rí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kò ní pẹ́. Wáyà méjì ni wọ́n wé sínú kọ́ìlì, ọ̀kan nípọn kò sì gùn, ìkejì tín-ín-rín ó sì gùn gan-an. Iná volt 12 bátìrì máa wọ inú èyí tó nípọn, agbára mágínẹ́ẹ̀tì á kóra jọ síbẹ̀, ìgínáítà á wá já iná yẹn lójijì, bí ìgbà téèyàn bá fa rọ́bà títí tó wá jù ú sílẹ̀, ohun tó máa jáde lójú wáyà tín-ín-rín yẹn lè tó volt 20,000 sí 40,000, òun ló ń ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Láyé ọjọ́un, kọ́ńtáàtì kékeré kan nínú dìsítíríbútọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì) ló ń ṣiṣẹ́ jíjá yẹn, á máa jẹ, wọ́n á máa fi sáńpépà ha á, wọ́n á máa sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lóòrèkóòrè. Chrysler yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1973, GM náà gbé tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HEI dé ní 1975, ó sì di pé ẹ̀rọ ẹlẹ́kítírọ́níìkì ló ń já iná, kò sí nǹkan tó ń kanra tó máa jẹ mọ́.

Èyí tó kàn wá níbẹ̀ ni pé nǹkan mẹ́ta ni kọ́ìlì ń fẹ́ kó tó lè ta iná: pọ́sítíìfù tó dáa, ẹ́ẹ̀tì tó dáa, àti sígínà tó ń sọ fún un pé "ó yá, já a báyìí". Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé tí iná ò ta, kọ́ìlì fúnra ẹ̀ tàbí ìgínáítà inú ẹ̀ ló kú. Tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá sí, kọ́ìlì ò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan

Iná kọ́ìlì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú wò o. Mo mọ̀ pé àwọn mẹkáníìkì kan máa ń di wáyà púlọ́ọ̀gì mú kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń ta, tí wọ́n á ta kìjí tí wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, ti ọkọ̀ oníkọ́ńtáàtì ayé ọjọ́un ni wọ́n fi mọ́ra, tòde òní le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ sí láyà ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ̀ rárá. Ẹ fa háńdì bíréèkì, ẹ fi jíà sí P tàbí nyútírà, ẹ ká apá aṣọ yín sókè, kẹ́ ẹ sì rí i pé kò sí epo tó ń kán síbì kankan lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì torí iná tẹ́ ẹ fẹ́ ta síta níbẹ̀ lè mú un.

Irinṣẹ́ tẹ́ ẹ nílò ò pọ̀: mítà, tẹ́sítà onígílóòbù (èyí tí wáyà ẹ̀ ní kílíìpù lẹ́nu), tẹ́sítà sípáàkì tó ní ìwọ̀ tẹ́ ẹ lè fi há ara irin, pánà púlọ́ọ̀gì, àti skánà (ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí brain box ń sọ) tẹ́ ẹ bá rí i yá. Ẹ wá ẹnì kan tó máa máa bá yín yí kọ́kọ́rọ́, torí èèyàn ò lè wà nínú ọkọ̀ kó tún wà nídìí kọ́ìlì.

Ẹ kọ́kọ́ fetí sí i

Ìró sítátà máa sọ nǹkan púpọ̀ fún yín. Tí ẹ́ńjìnnì ò bá yí rárá, tó kàn ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ tàbí tó dákẹ́ lọ gbári, ọ̀rọ̀ bátìrì, tẹ́mínà tàbí sítátà nìyẹn, ìtọ́sọ́nà yìí ò kàn yín, ẹ lọ wo ibẹ̀ ná. Tó bá ń yí àmọ́ tó ń fà bí ẹni tó rẹ̀, bátìrì náà ni. Tó bá wá ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, tó ń sáré ju bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ, tí ẹ ò gbọ́ "hùn-hùn-hùn" tó máa ń ṣe bí písítìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tímíńgì bẹ́líìtì ló já, tẹ́ ẹ bá sì ń yí i nìṣó lórí àwọn ẹ́ńjìnnì kan, fáàfù lè kan písítìnì kó tẹ̀. Tó bá ń yí dáadáa bó ṣe máa ń yí tí ò kàn mú iná, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Bátìrì ṣì ní ẹjọ́ tó máa jẹ́ o, bó tiẹ̀ ń yí ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi mítà sí i nígbà tí ọkọ̀ wà ní pípa: volt 12.6 ló kún, tó bá wà ní 12.2 ó ti fẹ́ẹ̀ tó ìdajì, tó bá ti sún mọ́ 12 géérégé ẹ lọ chárjì ẹ̀ ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yí i, kẹ́ ẹ máa wo mítà: kò gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ ju 9.6 lọ. Ìdí ni pé sítátà lè ṣì rí agbára yí ẹ́ńjìnnì nígbà tí brain box ti rí i pé iná ò tó òun, á kàn dákẹ́, kò ní rán sígínà sí kọ́ìlì, ẹ ó wá máa lé ìgíníṣọ̀n kiri nígbà tó jẹ́ pé bátìrì lásán ni. Ẹ wo tẹ́mínà náà, tẹ́ ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé lára ẹ̀, ẹ tú u (négátíìfù lẹ kọ́kọ́ máa tú), ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wá so ó padà kó le dan-in.

Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù

Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tíì yí i. Iná check engine gbọ́dọ̀ tàn. Tí ò bá tàn rárá, tí gílóòbù ẹ̀ ò sì jó, á jẹ́ pé brain box ò rí iná, fíúsì ẹ̀ tàbí rílè àgbà lẹ máa lọ yẹ̀ wò, kò sídìí láti dé ọ̀dọ̀ kọ́ìlì. Iná kejì tẹ́ ẹ máa wò ni ti sẹkúríìtì, ìyẹn àwòrán kọ́kọ́rọ́ tàbí mọ́tò tí wọ́n ya kọ́kọ́rọ́ sí nínú. Tó bá ń ṣẹ́jú nígbà tẹ́ ẹ ti ṣí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ò dá kọ́kọ́rọ́ yín mọ̀, ó sì lè tìtorí ẹ̀ pa iná púlọ́ọ̀gì tàbí epo, ó sì lè pa méjèèjì. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kejì dán an wò. Tọ́mọ kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ bá wà lórí òrùka kan náà, ẹ yọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lò sọ́tọ̀, ṣíìpù inú kọ́kọ́rọ́ míì máa ń dí i lọ́wọ́ nígbà míì.

Tẹ́ ẹ bá wá ń yí i, ẹ gbójú sí abẹ́rẹ́ RPM. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ó máa ń mì díẹ̀ sókè. Tó bá sùn kalẹ̀ síbi òdo títí tẹ́ ẹ fi yí i tán, ẹ fi sọ́kàn, a máa dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ kiránkì (èyí tó ń sọ fún brain box pé ẹ́ńjìnnì ń yí) láìpẹ́. Skánà dáa ju abẹ́rẹ́ lọ fún èyí: tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí skánà sì ń pe RPM ní 0, brain box ò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yí nìyẹn, kò sì sóhun tó máa mú un ta iná.

Bí skánà bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ ka kóòdù náà. P0335 ń sọ̀rọ̀ nípa sẹ́ńsọ̀ kiránkì, P0340 nípa sẹ́ńsọ̀ káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù), P0351 sókè nípa kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rí P0335 kẹ́ ẹ sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀. Ohun tí kóòdù yẹn ń sọ ni pé wàhálà wà lójú ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ yẹn, ọ̀nà yẹn ní wáyà, ó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ní ẹ́ẹ̀tì, sẹ́ńsọ̀ kàn jẹ́ ọ̀kan lára wọn.

Ṣé iná ni àbí epo?

Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON níbi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹ máa gbọ́ kí pọ́ǹpù epo kùn lẹ́yìn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó dákẹ́. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, ẹ tú púlọ́ọ̀gì kan, ẹ wo ẹnu ẹ̀. Tó bá tutù tó ń rùn epo fọnfọn, epo ń dé, iná ni ò sí (tàbí iná ò lágbára). Tó bá gbẹ táútáú, ẹ máa fura sí epo, àmọ́ ẹ ṣì dán iná wò torí brain box tí ò bá rí sígínà kiránkì kì í tú epo náà.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ti yí i jù tí epo ti bo àwọn púlọ́ọ̀gì, ẹ tẹ ẹsẹ̀ epo mọ́lẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ máa yí i. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oní-injector (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) máa dá epo dúró tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan lá máa wọlé, á sì gbẹ. Ẹ má yí i kọjá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí sítátà sinmi.

Ibi tí gbogbo ẹ̀ dá lé: ẹ wo iná yẹn fójú yín

Ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù epo tàbí kẹ́ ẹ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn injector, ká má bàa máa fi epo fọ sílíńdà, ká má sì dáná sun ara wa. Tó bá jẹ́ kọ́ìlì tó ń jókòó lórí púlọ́ọ̀gì ni, ẹ tú bóòtì ẹ̀, ẹ fà á sókè díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń yí i sọ́tùn-ún sósì torí rọ́bà ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ púlọ́ọ̀gì, tẹ́ ẹ bá fi ipá fà á á já sínú ihò, yíyọ ẹ̀ wá di iṣẹ́ míì. Ẹ fi tẹ́sítà sípáàkì sí ẹnu kọ́ìlì, ẹ fi ìwọ̀ ẹ̀ há irin ẹ́ńjìnnì tí ò ní ọ̀dà lára, kí ẹnì kejì yí i. Ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ lẹ ti máa rí i dáadáa. Iná tó dáa máa ń bu àwọ̀ búlúù tàbí funfun, á nípọn, á máa dún ta-ta-ta tẹ́tí á gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ pupa ráúráú tàbí yẹ́lò, tó tín-ín-rín, tó ń ta tí kì í ta, àìlera wà níbì kan, ìyẹn lè sítáàtì nígbà tí ojú ọjọ́ gbẹ, kó kọ̀ nígbà tó bá tutù.

Ẹ má kàn yọ wáyà kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ láìfi kan irin o. Iná tí ò bá rí ibi ta sí máa wá ibòmíì gbà, inú kọ́ìlì tàbí ìgínáítà ló sábà máa ń gbà, bẹ́ẹ̀ lèèyàn ṣe ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ ba kọ́ìlì tó dáa jẹ́.

Ẹ dán gbogbo sílíńdà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ṣe pàtàkì gan-an torí òun ló máa sọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà. Tí iná bá ń ta níbi gbogbo, ẹ jáwọ́ lọ́rọ̀ iná, ẹ lọ wo epo àti tímíńgì. Tó bá jẹ́ sílíńdà kan ṣoṣo ni ò ta, kọ́ìlì ẹ̀ tàbí wáyà ẹ̀ ni, àmọ́ ìyẹn nìkan kì í sábà dá ọkọ̀ dúró kó má sítáàtì, á kàn máa gbọ̀n ni. Tó bá jẹ́ méjì ni, pàápàá 1 àti 4 tàbí 2 àti 3 lórí ọkọ̀ sílíńdà mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí kọ́ìlì kan ń bọ́ púlọ́ọ̀gì méjì. Tó bá wá jẹ́ pé kò sí iná níbì kankan, kọ́ìlì mẹ́rin kì í sábà kú lọ́jọ́ kan náà, ohun kan tí gbogbo wọn jọ ń lò ló sọnù: pọ́sítíìfù, ẹ́ẹ̀tì tàbí sígínà.

Pọ́sítíìfù

Ẹ lọ sí àpótí fíúsì, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ IGN, IG, EFI tàbí COIL sí. Ẹ má fojú wo fíúsì nìkan, ẹ fi tẹ́sítà kan orí ẹ̀ méjèèjì nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON, iná gbọ́dọ̀ wà lórí méjèèjì. Tó bá ti jó, ẹ fi èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ bára mu sí i, ẹ má fi èyí tó tóbi jù ú lọ, ká má sọ pé ẹ ń fi wáyà ṣọ́ fíúsì. Tí tuntun náà bá tún jó, ẹ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì gbogbo kọ́ìlì, ẹ fi fíúsì míì sí i, kẹ́ ẹ wá máa so wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tẹ́ ẹ so tí fíúsì jó lọ́wọ́ ẹ̀ lọ̀daràn. Rílè náà, tẹ́ ẹ bá rí òmíràn tí nọ́ńbà ara wọn jọ ara wọn, ti hóònù sábà máa ń bá a mu, ẹ pààrọ̀ wọn fúnra wọn wò.

Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ìlì. Wáyà kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní volt 12 nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ON. Tẹ́sítà onígílóòbù lẹ máa lò níbí, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé mítà nìkan, torí wáyà tó ti jẹ títí tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo ṣì máa fi 12 hàn yín lórí mítà, àmọ́ kò ní lè tan gílóòbù. Ohun táwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé nìyí: ẹ má wò ó ní ON nìkan, ẹ wò ó nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí i gan-an. Ojú kọ́kọ́rọ́ tó ti jẹ máa ń gbé iná lọ ní ON kó wá já a ní START. Àmì ẹ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ ni pé ọkọ̀ máa fẹ́ mú iná ní kété tẹ́ ẹ bá jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́, nígbà tí sítátà ti fẹ́ dúró. Tẹ́ ẹ bá ti rí irú ẹ̀, ẹ má wá ohun míì kiri.

Ẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ wò

Ó máa ń yà mí lẹ́nu béèyàn ṣe lè tú ẹ́ńjìnnì dé ìdí kó má fọwọ́ kan ẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi mítà sí volt, ẹ fi wáyà dúdú ẹ̀ kan orí négátíìfù bátìrì, ẹ fi pupa kan irin ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ yí i. Tó bá kọjá bíi 0.5, wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bátìrì ò dáa. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà pẹ̀lú wáyà ẹ́ẹ̀tì ìdí kọ́ìlì àti ti brain box, àwọn yẹn ò gbọ́dọ̀ kọjá 0.2. Ìdọ̀tí, ọ̀dà tuntun tí wọ́n fi kùn ún, bóòtì tí ẹni tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn gbàgbé láti dì padà, wọ̀nyí ló sábà máa ń fà á. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì tàbí jíà sọ̀ kalẹ̀ tí ọkọ̀ wá kọ̀ láti sítáàtì, ibí lẹ máa kọ́kọ́ wá.

Sígínà

Ibí ló ti máa ń ta kókó jù. Sẹ́ńsọ̀ kiránkì jókòó nídìí ẹ́ńjìnnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ púlì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ flywheel, ó ń ka eyín irin tó ń kọjá níwájú ẹ̀, ìyẹn ló fi ń sọ fún brain box ibi tí písítìnì wà. Irú méjì ló wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tẹ́ ẹ ní kẹ́ ẹ tó fi mítà kàn án.

Èyí tó ní wáyà méjì sábà máa ń jẹ́ onímágínẹ́ẹ̀tì, òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣe iná jáde. Ẹ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ẹ wọn ohm (bí wáyà ṣe ń dènà iná tó) láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ọ̀pọ̀ máa ń wà láàárín ọgọ́rùn-ún mélòó kan sí ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀, ìwé ọkọ̀ yín ló máa sọ iye gan-an. Tí mítà bá pe òdo, wáyà inú ẹ̀ ti kanra. Tó bá sọ OL (ìyẹn pé iná ò kọjá rárá), ó ti já. Ẹ wá fi mítà sí volt AC, kẹ́ ẹ yí ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kó fi nǹkan hàn, ó lè má ju ìdajì volt sí volt kan lọ, àmọ́ ó yẹ kó gbéra. Tí ohm ẹ̀ bá dáa tí ò sì ṣe iná jáde, ẹ yọ ọ́ jáde kẹ́ ẹ wo ẹnu ẹ̀: ìgbẹ́ irin lè ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì lè ti jìnnà sí eyín yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Èyí tó ní wáyà mẹ́ta sábà máa ń jẹ́ Hall, ìyẹn irú èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún ní iná kó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ má wọn ohm ẹ̀ rárá, kò ní sọ òótọ́ kankan fún yín. Kọ́kọ́rọ́ ní ON, wáyà kan gbọ́dọ̀ ní volt 5 tàbí 12, ìkejì jẹ́ ẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kẹta ni sígínà. Ẹ fi pánà sí púlì kiránkì, ẹ rọra máa fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ máa wo wáyà sígínà, ó gbọ́dọ̀ máa fò sókè fò sílẹ̀, òdo sí 5, tàbí òdo sí 12. Tí iná àti ẹ́ẹ̀tì bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ tí sígínà sì dúró sójú kan, sẹ́ńsọ̀ ló kú. Ẹ kíyè sí i o, àwọn onímágínẹ́ẹ̀tì kan wà tó ní wáyà kẹta, ìbòrí lásán nìyẹn, ìwé ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ fi yanjú ẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ yìí ní ìwà burúkú kan. Ó lè dáa láàárọ̀, kí ọkọ̀ rin ìrìn tó jìnnà kó gbóná, kó kú lójijì lójú títì láìsí ìkìlọ̀, á yí kò ní mú iná, ẹ óò dúró kó tutù fún bí ìdajì wákàtí, á sítáàtì bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Tó bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ó ti tutù, gbogbo nǹkan tí wọ́n bá wọ̀n lá dáa. Ìgínáítà náà máa ń ṣe irú ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun mú un gbóná níbi tó wà, tí ohm ẹ̀ bá fò lójijì tàbí tí iná bá pòórá, ẹ ti mú un.

Kọ́ìlì àti ìgínáítà

Tẹ́ ẹ bá dé ibí, ẹ ti rí i pé pọ́sítíìfù wà, ẹ́ẹ̀tì wà, sẹ́ńsọ̀ ń sọ̀rọ̀. Kọ́ìlì ayé àtijọ́ tí ìgínáítà ẹ̀ wà lọ́tọ̀: ẹ so kílíìpù tẹ́sítà mọ́ pọ́sítíìfù bátìrì, ẹ fi ẹnu ẹ̀ kan négátíìfù kọ́ìlì, kẹ́ ẹ yí i. Tí gílóòbù bá ń ṣẹ́jú, ìgínáítà ń já iná, tí iná ò bá wá ta, kọ́ìlì ni. Tó bá tàn gbáà tàbí tí ò tàn rárá, ìgínáítà ò ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Ohm ẹ̀ náà ṣeé wọ̀n: apá tó nípọn máa ń wà ní nǹkan bí 0.4 sí 2, apá tín-ín-rín sì máa ń wà ní nǹkan bí 6,000 sí 15,000.

Kọ́ìlì orí púlọ́ọ̀gì tó ní wáyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìgínáítà wà nínú ẹ̀, ohm ò ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ má sì fi tẹ́sítà onígílóòbù kan wáyà sígínà ẹ̀, brain box ló ń rán an wá tààrà, gílóòbù lè fa iná tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹ̀. Tẹ́sítà LED tàbí mítà ni kẹ́ ẹ lò. Ọ̀nà tó rọrùn jù fún irú kọ́ìlì yìí ni pé kẹ́ ẹ gbé ti sílíńdà tó ń ta sórí èyí tí ò ta, tí wàhálà bá tẹ̀ lé kọ́ìlì lọ, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọkọ̀ onídìsítíríbútọ̀ ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ṣí kápù ẹ̀, kí ẹnì kan yí ẹ́ńjìnnì, ẹ wò ó bóyá rótọ̀ (apá kékeré tó ń yí nínú ẹ̀) ń yí. Tí ò bá yí, bẹ́líìtì tàbí ṣéènì ti já. Tó bá ń yí, ẹ wo inú kápù: ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìlà pẹ́ńsù lára ẹ̀, ọ̀nà tí iná ń gbà sá nìyẹn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, fífọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Tó bá jẹ́ omi lásán ló wọ ibẹ̀ lẹ́yìn òjò tàbí lẹ́yìn tí wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì, ẹ nù ún gbẹ, ó máa sítáàtì. Wáyà púlọ́ọ̀gì tí ohm ẹ̀ bá kọjá 25,000 ti ń lọ nìyẹn.

Tí gbogbo ẹ̀ bá dáa tí ò sì ta

Wáyà ló kù. Ẹ di ìdìpọ̀ wáyà mú, ẹ máa mì ín, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, pàápàá níbi tó ti gba ẹ̀gbẹ́ irin gbígbóná àti níbi tó ti kọ́ lójijì, kí ẹnì kan máa wo skánà tàbí tẹ́sítà. Eku fẹ́ràn ibẹ̀, inú ẹ́ńjìnnì máa ń móoru lálẹ́, wọ́n á sùn síbẹ̀, wọ́n á sì fi wáyà pa eyín. Ẹ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ẹsẹ̀ inú ẹ̀ fún àwọ̀ ewé àti fún ẹsẹ̀ tó ti sún sẹ́yìn. Brain box ni kẹ́ ẹ fura sí kẹ́yìn pátápátá, kì í sì í ṣe ohun téèyàn ń gbé láti ara ọkọ̀ kan sí òmíràn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ò ní ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n bá yín fi kọ́kọ́rọ́ yín mọ̀ ọ́n. Níbẹ̀ yẹn, ẹ pe rìwáyà tó ní ẹ̀rọ tó ń fi bí sígínà ṣe ń lọ hàn lójú, kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti wọ̀n fún un, iṣẹ́ ẹ̀ á dín kù.

Tó bá sítáàtì, ẹ dá fíúsì pọ́ǹpù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì injector padà tẹ́ ẹ bá ti yọ wọ́n, ẹ fi skánà pa kóòdù rẹ́, kẹ́ ẹ wakọ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tún kà á bóyá ó padà. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ti yí i tí yí i kẹ́ ẹ tó yọ fíúsì pọ́ǹpù, ẹ fa díípísítíìkì jáde kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀, tó bá ń rùn epo tàbí tí ọ́ìlì bá ga ju bẹ́ ẹ ṣe fi sílẹ̀ lọ, epo ti gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì sọ̀ kalẹ̀ bá a, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn kẹ́ ẹ tó gbé e rin ọ̀nà jíjìn.